Sáà Bọ́ọ̀lù Cortland ní Ilé Ìwòran Kan ní Ìbarà: Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹ Lọ?

Ilé ìwòran tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yìí wà ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, nínú gbọ̀ngán tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí èrò kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹni tó ni ín máa ń ṣàfihàn bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbá mọ́ra sáré, tí àwọn alátakò sì ń gbé ara wọn lù wọ́n kí wọ́n lè dá wọn dúró. Kò yan àwọn ẹgbẹ́ ńlá olówó rárá. Ohun tí ó fi síwájú wa ni sáà ọdún 2023 ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Cortland ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14, tí wọ́n pàdánù 1, tí wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn.

Mo fara mọ́ ohun tí ó yàn yìí. Ìpín Kẹta ni Cortland wà nínú ètò NCAA, àjọ tí ó ń darí eré ìdárayá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọn kì í ti í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ nítorí pé ó mọ eré ìdárayá ṣe. Bí ó bá rí ìrànlọ́wọ́ owó gbà, á jẹ́ nítorí àìní tàbí nítorí pé orí rẹ̀ pé nínú ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ife-ẹ̀yẹ náà, tí wọ́n ń du nínú àṣekágbá tí wọ́n fi sọrí Amos Alonzo Stagg, olùkọ́ni bọ́ọ̀lù àtijọ́, láti ọdún 1973, kì í ṣe ohun tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn ń tó: ilé-ẹ̀kọ́ Mount Union nìkan ti gbà á nígbà 13.

Ṣùgbọ́n àlàyé ọ̀gá náà gan-an ni ènìyàn ń sanwó fún. Ó ní pátákó dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ògiri tí àwòrán ń hàn sí, ó sì máa ń dá fídíò dúró nígbàkígbà tí ó bá rí i pé ojú àwọn òǹwòran ti ń ṣókùnkùn. Màmá àgbàlagbà kan bi í pé, “Ọ̀gá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń dúró ṣáá báyìí?” Ó ní, “Rárá o, Màmá. Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ kan kú sójú ọ̀nà, tí wọ́n sì ní kí ẹ tì í nígbà mẹ́rin péré. Bí ẹ bá tì í dé yáàdì 10, wọ́n á tún fún yín ní ìgbà mẹ́rin mìíràn. Bí kò bá dé ibẹ̀, ẹ ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.” Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń ka iye ìgbà tí ó kù sókè ketekete, tí àwọn ọmọdé sì ń gbè é.

Àṣekágbá ni ó dùn jù, mo sì gbóríyìn fún bí ó ṣe gbé e kalẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ní Salem, ìpínlẹ̀ Virginia, North Central tí ó ń bá Cortland du ife náà ni ó ni ín lọ́wọ́, ó sì ti borí nígbà 29 léraléra. Nígbà tí kò tó ìṣẹ́jú méjì mọ́, North Central gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá, wọ́n gba àmì 6, ó wá di 38 fún Cortland, 37 fún wọn. Wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù sókè gba àmì 1 kí ó di ọ̀mì, wọ́n sì lè gbé e wọlé láti yáàdì 3 gba àmì 2. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti dá fídíò dúró, ó sì ní kí a sọ èyí tí a ó yàn. Ariwo sọ! Ọ̀mì ni èmi fara mọ́, torí ẹgbẹ́ tí kò tíì pàdánù láti ọdún tí ó kọjá kò nílò irú ìkánjú bẹ́ẹ̀. Àmì 2 ni wọ́n lépa, Cortland sì dí wọn lọ́nà.

Ohun kan kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ó fo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Cortland àti Ithaca, ó ní fídíò rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Aládùúgbò ni ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, orogún sì ni wọ́n. Ní ọdún 2019, èrò tí ó lé ní 45,000 ni ó wá wò wọ́n ní MetLife, pápá àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Ẹni tí kò bá rí ìyẹn kò tíì mọ ìdí tí ìlú kékeré fi ń gbóná nítorí bọ́ọ̀lù. Àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ sàn ju kí a má rí i lọ.

Ẹ̀rọ amúnáwá wọn sún mọ́ fèrèsé jù, nítorí náà ẹ jókòó sí apá òsì. 500 náírà ni owó ìwọlé, ọ̀jọ̀jọ̀ tí wọ́n ń dín lẹ́nu ọ̀nà sì gbóná dáadáa. Ọ̀gá ní sáà 2024 ni yóò tẹ̀ lé e, nígbà tí North Central gba ife padà, tí wọ́n borí Mount Union pẹ̀lú 41 sí 25 nínú àṣekágbá ní Houston. Èmi yóò lọ, bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ yẹn kúrò níbẹ̀.