Kẹ̀kẹ́ arọ tó ṣeé ká: ṣé ó bá ọmọdé mu?
Irin rẹ̀ lágbára, àmọ́ àgbàlagbà ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún: ìjókòó rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó ínǹṣì 18. Ọmọ kékeré á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú rẹ̀. Aṣọ ìjókòó náà tún máa ń rọ̀ sísàlẹ̀. Ìdí á rì, orúnkún á sún mọ́ra, ẹ̀yìn á tẹ̀.

Ẹ ní kí káfíńtà gé pákó pẹlẹbẹ sórí ìjókòó náà, kí ẹ tẹ́ fóòmù ínǹṣì 2 lé e. Ẹ fi fóòmù líle dí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, títí àlàfo ìka méjì péré á fi kù láàárín etí ìjókòó àti ẹ̀yìn orúnkún. Ìbàdí ni kí bẹ́líìtì dì mú, kì í ṣe ikùn. Bí ẹsẹ̀ ò bá tó ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, ẹ kan pákó mọ́ ọn. Síbẹ̀, bí agbára bá ká a, ti ọmọdé gan-an ni kí ẹ rà.