Àwọ̀ Wúrà fún Ògiri Yàrá: Aláwọ̀ Oyin, Aláwọ̀ Amọ̀ àbí Aláwọ̀ Iyanrìn?

Àwọ̀ wúrà tó ń lọ sí búráùn kì í ṣe ẹyọ kan. Lórí káàdì àwọ̀, wọ́n máa ń tò ó lóríṣiríṣi débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dé orí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan á di yẹ́lò pátápátá, òmíràn á pọ́n, òmíràn á sì máa fà sí àwọ̀ ewé. Àwọ̀ kejì tó sá pamọ́ sábẹ́ wúrà náà ló ń fà á, òun ló sì yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe orúkọ dídùn tí wọ́n kọ sára agolo.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra. Aláwọ̀ oyin ni èyí tí yẹ́lò pọ̀ nínú rẹ̀. Aláwọ̀ amọ̀ ní pupa díẹ̀ nínú. Ní ti aláwọ̀ iyanrìn, àwọ̀ eérú ti dín agbára wúrà rẹ̀ kù, nígbà mìíràn àwọ̀ ewé díẹ̀ a sì wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé káàdì náà sórí bébà funfun, kí ẹ wo àwọ̀ tó ṣú jù lọ lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni èyí tó sá pamọ́ ti máa ń hàn kedere.

Ìmọ́lẹ̀ yàrá

Ní ìlàjì ayé tó wà lápá àríwá, fèrèsé tó kọjú sí àríwá kì í sábà rí oòrùn tààrà. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló ń gbà, ìyẹn sì máa ń fà sí búlúù. Ní ìlàjì tó wà lápá gúúsù, fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ló rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kun aláwọ̀ iyanrìn tó ní àwọ̀ ewé nínú sí irú yàrá yìí, á dà bíi pé ògiri ti bu. Aláwọ̀ amọ̀ ló yẹ ibẹ̀, nítorí pupa inú rẹ̀ máa ń ko búlúù yẹn lójú. Aláwọ̀ oyin náà ṣeé lò, kò kàn ní rọ̀ ọ́ lára tó amọ̀.

Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn yàtọ̀ pátápátá. Láàárọ̀, ó tutù lójú. Nírọ̀lẹ́, oòrùn pupa á wọlé. Aláwọ̀ amọ̀ á fà sí àwọ̀ ọsàn ní wákàtí yẹn, aláwọ̀ oyin á sì máa tàn sójú èèyàn. Ibẹ̀ ni aláwọ̀ iyanrìn ti ń gba ipò kìíní, torí eérú inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí wúrà náà ru sókè. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn, àárọ̀ ni tirẹ̀ máa ń gbóná. Nítorí náà, ẹ bi ara yín pé: ìgbà wo lọ́jọ́ lẹ máa ń wà nínú yàrá náà jù? Yàrá tí ẹ kì í wọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, gílóòbù ló máa pinnu àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ara páálí gílóòbù, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà K tẹ̀ lé. 2700K ń tàn bíi wúrà fúnra rẹ̀, 4000K funfun, 6500K sì ń fà sí búlúù. Lábẹ́ 2700K, aláwọ̀ oyin máa ń pọ̀ jù lójú mi, ṣùgbọ́n aláwọ̀ iyanrìn máa ń lẹ́wà gan-an. Lábẹ́ 6500K, aláwọ̀ iyanrìn á ṣá, aláwọ̀ amọ̀ nìkan ló ṣì máa ń gbóná lójú. Ẹ yan gílóòbù yín kí ẹ tó yan ọ̀dà.

Ohun kan tún wà tí káàdì kò lè fi hàn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kan ògiri kan á gbé díẹ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀ lọ bá èyí tó dojú kọ ọ́, wúrà náà á sì le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Fún aláwọ̀ oyin pàápàá, ẹ mú èyí tó fi ìpele kan fúyẹ́ ju èyí tó wù yín. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọ̀dà máa ń kọ LRV fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn òǹkà láti 0 dé 100 tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ náà ń dá padà ṣe pọ̀ tó. Àwọ̀ wúrà bí irú èyí sábà máa ń wà láàárín 40 sí 60. Fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 50.

Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri

Nígbà kan rí, Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Faransé, ló ń bójú tó aró ní ilé ìhunṣọ Gobelins ní Paris. Wọ́n fẹjọ́ sùn ún pé aró dúdú wọn kò dúdú tó, ó sì rí i pé àwọn òwú tí wọ́n hun mọ́ ọn ló ń tan ojú jẹ. Ní ọdún 1839 ló tẹ àlàyé rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú yàrá. Funfun tó ń fà sí búlúù lára férémù ilẹ̀kùn máa ń sọ aláwọ̀ oyin di yẹ́lò sí i, ó sì máa ń mú kí aláwọ̀ iyanrìn dà bíi pé ó dọ̀tí. Funfun tó fà sí kírímù ni kí ẹ lò fún àwọn méjèèjì. Aláwọ̀ amọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣa funfun, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Àléébù tirẹ̀ ni ilẹ̀ pákó tó pọ́n: ògiri àti ilẹ̀ á dàpọ̀, yàrá á wúwo. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, aláwọ̀ iyanrìn ló dára jù. Kọ́tìnì tàbí àga aláwọ̀ búlúù máa ń gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ.

Pípẹ́ àti dídán

Èròjà àwọ̀ tó wá láti inú ilẹ̀ tó ní irin nínú kì í ṣá nínú oòrùn, òun ni wọ́n sì sábà fi ń po amọ̀ àti iyanrìn. Yẹ́lò títàn inú aláwọ̀ oyin lè wá láti inú èròjà mìíràn, àwọn kan nínú wọn sì máa ń ṣá. Bí oòrùn bá ń lu ògiri yín, ẹ bi ẹni tó ń tà á.

Emulsion tí kò dán máa ń bo ibi tí ògiri ti gbún mọ́lẹ̀. Gloss, èyí tó ń dán gan-an, á tú gbogbo rẹ̀ síta. Satin, èyí tó dán díẹ̀, ṣeé nù, ó dára fún yàrá ọmọdé. Àwọ̀ kan náà máa ń jinlẹ̀ sí i bó bá ṣe ń dán tó, nítorí náà irú èyí tí ẹ máa rà gan-an ni kí ẹ fi dánwò.

Kí ẹ tó ra agolo ńlá

Ẹ kun pátákó kan tó jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun. Ẹ máa gbé e láti ògiri dé ògiri, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹ má kun ìdánwò náà sórí àwọ̀ àtijọ́, torí àwọ̀ yẹn á tàn yín jẹ.

Lítà kan sábà máa ń bo nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin (square metre) 10 lórí ògiri tó jọ̀lọ̀. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ á mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àyíká yàrá bá jẹ́ mítà 16, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2.7, ògiri náà jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 43. Kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì sọ ọ́ di 86, ìyẹn nǹkan bíi lítà 9, kí ẹ tó yọ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò. Bí ó bá ju agolo kan lọ, ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú garawa ńlá kan, kí ẹ rò ó pọ̀ kí ẹ tó ki rólà bọ̀ ọ́, torí agolo kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì, ìyàtọ̀ náà á sì hàn ní igun ògiri. Ẹ fi díẹ̀ pamọ́ sínú ìgò tó ní ìdérí, fún ibi tó bá ha lọ́jọ́ iwájú.