Himalayan 411: ẹrẹ̀ ló tú àṣírí mẹkáníìkì

Mo gbé ọ̀kadà Royal Enfield Himalayan mi, 411 àtijọ́ ni o, kì í ṣe 450 tuntun, lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní gúúsù London pé kí wọ́n bá mi yẹ àlàfo fáàfù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò. Nírọ̀lẹ́, wọ́n já rìsíìtì fún mi pé iṣẹ́ ti parí. Owó rẹ̀ ga, mo san án.

Ẹni tó bá ń gun máṣíìnì yìí mọ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ tú táǹkì epo kẹ́ ẹ tó dé ìdí fáàfù. Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: ẹrẹ̀ tí mo gbé bọ̀ láti Wales ṣì wà gbagidi lórí nọ́ọ̀tì tó di táǹkì mú. Kò sí àmì sípánà kankan lára rẹ̀!

Ilẹ̀ mọ́, mo padà síbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni ọmọbìnrin tó ń gba oníbàárà. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n pe máníjà." Máníjà dé, ó ní àwọn fetí gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì dún dáadáa. Etí kẹ̀! Wọ́n dá owó mi padà, àmọ́ yàtọ̀ sí ọmọbìnrin yẹn, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Ìbínú yẹn ni mo fi lọ ra irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo fáàfù, mo tú táǹkì fúnra mi lẹ́yìnkùlé. Fáàfù méjì péré ló ní, skúrù àti nọ́ọ̀tì lẹ fi máa yí wọn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Nígbà tí irin náà rọra ń fà, tí kò há, tí kò sì dẹ̀ jù, inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ìyàwó mi yọjú lójú wíńdò: "Ọ̀kadà yìí náà lẹ tún ń bá ṣeré?"

Lórí M4, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Wales, ẹ máa jìyà. Jíà márùn-ún ló ní, ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń wá ìkẹfà. Ká dé ojú ọ̀nà olókùúta ní Brecon, ní Wales, ló kù: táyà iwájú 21 ínṣì yẹn á kàn máa gba orí kòtò kọjá, èmi á dìde dúró, máa máa kọrin. Kọ́ńpáàsì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo wa la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Máàkì: 3 nínú 5. Ẹni tó bá fẹ́ ra tèmi, kó má wulẹ̀ pè mí.