Hepatitis B Foundation: ibi tó ti wúlò fún wa, àti ibi tí kò dé

Tí ìwé àyẹ̀wò bá jáde ní láàbù tí wọ́n kọ "HBsAg: reactive" sí i (ìyẹn ni pé àmì kòkòrò mẹ́dọ̀wú B fara hàn nínú ẹ̀jẹ̀), orí Google ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà lọ. Àwọn alágbo ló sì máa ń kọ́kọ́ pàdé wọn níbẹ̀, tí kálukú ń ṣèlérí pé òun á fọ ẹ̀dọ̀ mọ́ tónítóní. Hepatitis B Foundation wà láàárín èrò yẹn. Àjọ tí kì í wá èrè ni, ohun tó sì ń lé ni ìwòsàn àrùn mẹ́dọ̀wú B. Ọ̀fẹ́ ni ohun tí wọ́n ń ṣe fún aláìsàn, nítorí náà a fẹ́ wò ó bóyá ó tó ohun tí ará Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ ń ná dátà lé lórí.

Ọdún 1991 ni tọkọtaya méjì, Paul àti Janine Witte pẹ̀lú Timothy àti Joan Block, dá a sílẹ̀ ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà, nítorí ìdílé ọ̀dọ́ kan tí àrùn yìí wọlé tọ̀. Onímọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì ni Timothy Block, nọ́ọ̀sì sì ni Joan ìyàwó rẹ̀. Doylestown ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, kò sì jìnnà sí Philadelphia, níbi tí Baruch Blumberg ti ṣàwárí kòkòrò náà ní àwọn ọdún 1960, tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976. (Ọjọ́ ìbí Blumberg, 28 Oṣù Keje, ni gbogbo ayé fi ń ṣe Àyájọ́ Àrùn Mẹ́dọ̀wú.)

Ọ̀pọ̀ àjọ irú èyí kì í kọjá ìwé pélébé àti owó ìtọrẹ. Àwọn wọ̀nyí dá ilé ìwádìí tiwọn sílẹ̀ ní 2003, èyí tó ń jẹ́ Baruch S. Blumberg Institute lónìí. Ní 2006, àwọn àti Delaware Valley College ṣí Pennsylvania Biotechnology Center, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń wá oògùn ti ń háyà láàbù. Àjọ tó ń wá ìwòsàn wá di bíi lánlọ́ọ̀dù fún àwọn tó ń wá ìwòsàn. Ibẹ̀ ni OnCore Biopharma ti gbéra kó tó dara pọ̀ mọ́ Tekmira ní 2015, tí wọ́n sì di Arbutus. Lójú tiwa, ìgbésẹ̀ yìí ló gbọ́n jù nínú ìtàn wọn, nítorí owó ìtọrẹ nìkan ò lè gbé oògùn dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òǹkàwé rántí pé ayálégbé wọn ni àwọn kan nínú àwọn tó ń wá oògùn, nígbà tó bá ń wo Drug Watch, àkójọ àwọn oògùn tí wọ́n ṣì ń dán wò. Ẹ máa wo ìpele ìdánwò tí oògùn kọ̀ọ̀kan wà kí ẹ tó yọ̀. Èyí tó wà ní ìpele kìíní tàbí ìkejì kò tíì sí ní ilé ìtajà oògùn kankan, ẹni tó bá sì ní òun ń tà á, irọ́ ló ń pa.

Ohun tó jẹ́ kí a fọkàn tán wọn ni pé wọn kì í fi bọpobọyọ̀: kò tíì sí ìwòsàn pátápátá. Tí kòkòrò náà bá wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, á fi òrùka DNA kan, cccDNA, pamọ́ sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Tenofovir àti entecavir, oògùn tí aláìsàn ń lò, ń dí i lọ́wọ́ kó má bí sí i, ṣùgbọ́n wọn ò débi òrùka yẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ torí pé ara ti yá fi lè rí i kí kòkòrò jí padà, kí ẹ̀dọ̀ sì wú lójijì. Ohun tí wọ́n ń lé báyìí ni kí HBsAg pòórá lára, kó má sì padà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn tí oògùn ti parí.

Títúmọ̀ èsì àyẹ̀wò ni ìkànnì wọn ti dáa jù. Àyẹ̀wò mẹ́ta ni wọ́n ní kí ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan náà. HBsAg ń sọ bóyá kòkòrò náà wà lára báyìí. HBsAb (àwọn kan ń kọ ọ́ ní anti-HBs) ń sọ bóyá ara ti ní ààbò. HBcAb sì ń sọ bóyá kòkòrò náà ti wọ ara rí, ì báà ṣì wà, ì báà ti lọ. HBsAb nìkan jáde? Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ṣiṣẹ́. HBsAb àti HBcAb láìsí HBsAg? Ara ti ṣẹ́gun rẹ̀, abẹ́rẹ́ ò pọn dandan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà tó bá fẹ́ fún yín ní oògùn jẹjẹrẹ, torí òrùka ọjọ́sí yẹn lè ta jí. HBsAg àti HBcAb pọ̀? Àrùn wà lára. Tí HBsAg bá ṣì wà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ti di onígbà pípẹ́.

Ohun tó ń da èsì rú nílé wa ni strip (pátákó àyẹ̀wò kékeré) onílé márùn-ún tí láàbù ń pè ní "profile". Ní ilé HBsAg, HBsAb àti HBeAg (àmì pé kòkòrò náà ń bí sí i gan-an), ilà méjì ni "bẹ́ẹ̀ ni". Ní ilé HBeAb (ohun tí ara ń ṣe láti kojú HBeAg) àti HBcAb, ìdàkejì ni lórí ọ̀pọ̀ nínú strip wọ̀nyí: ilà méjì ni "rárá", tó bá jẹ́ ilà C (èyí tó ń fi hàn pé strip ṣiṣẹ́) nìkan ló yọ, "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹni tí kò bá ka ìwé tó bá strip wá á kọ ìdàkejì sílẹ̀. Nítorí náà, tí ìwé bá ní HBsAg wà ṣùgbọ́n HBcAb kò sí, ẹ fura: bóyá àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, bóyá wọ́n ṣì í kà. Ẹ ní kí wọ́n fi ELISA, àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ láàbù ṣe, tún un ṣe.

Ẹ lè fi ímeèlì bi wọ́n ní ìbéèrè. Wọn kì í kọ oògùn fúnni, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣàlàyé. Kí ìdáhùn tó lè wúlò, ẹ kọ èsì àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú déètì, iye ALT (èyí tó ń fi hàn bóyá ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́), iye HBV DNA (bí kòkòrò ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀) tí ẹ bá ti ṣe é, ọjọ́ orí yín, àti bóyá oyún wà. "Wọ́n ní mo ní hepatitis" nìkan ò lè bí èsì tó nítumọ̀.

Ibi tí kò ti bá wa mu ni pé Amẹ́ríkà ló wà lójú wọn. Ọ̀rọ̀ inṣúráǹsì pọ̀ jọjọ, abẹ́rẹ́ onígbà méjì fún àgbàlagbà sì wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n sábà ń gbà lọ́dọ̀ wa jẹ́ ìgbà mẹ́ta: òní, oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, àti oṣù kẹfà. Àgbàlagbà tí wọ́n bí kí abẹ́rẹ́ yìí tó wọ ètò ìjọba Nàìjíríà ní 2004 lè máà gbà á rí. Fún ọmọ ìkókó tí ìyá rẹ̀ ní àrùn náà, wọ́n ní kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àti HBIG (abẹ́rẹ́ tó gbé ààbò tí a ti ṣe sílẹ̀ wọ ara) láàárín wákàtí 12 lẹ́yìn ìbí. HBIG wọ́n, ó sì ṣòro rí lọ́dọ̀ wa, nítorí náà tenofovir láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28 oyún, fún ìyá tí HBV DNA rẹ̀ ju 200,000 IU/mL lọ, ló ṣe pàtàkì jù fún wa, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ọmọ láàárín wákàtí 24. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ tenofovir nìkan, kó ṣe àyẹ̀wò HIV. Tí HIV bá wà lára tí kò sì mọ̀, tenofovir nìkan á kọ́ kòkòrò HIV bí a ṣe ń sá fún oògùn.

Fún àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń lọ Amẹ́ríkà, ojú ìwé wọn lórí ẹ̀tanú níbi iṣẹ́ ṣeyebíye. Ní 2012, CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, sọ pé àrùn yìí nìkan kò tó láti fi dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kíkọ́ tàbí ṣíṣe iṣẹ́ ìṣègùn, wọ́n sì fi HBV DNA 1,000 IU/mL ṣe gbèdéke fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ tó léwu. Ní 2013, Iléeṣẹ́ Ìdájọ́ Amẹ́ríkà fi òfin tó ń dáàbò bo abirùn mú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní New Jersey gba àwọn méjì tó ti kọ̀ sílẹ̀ padà. Ẹ tẹ ojú ìwé náà jáde, kí ẹ fi sínú fáìlì pẹ̀lú èsì DNA tuntun, kí ẹ tó wọ ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Òfin Britain yàtọ̀. Ti wọn ni kí ẹni tó ń lọ sọ́hùn-ún kà.