Mo lọ ṣe ìwé owó-orí lọ́dọ̀ àwọn VITA

Níbi òde àríyá wa ní Houston, kò sí ìbéèrè owó-orí tí wọn kò ní ìdáhùn sí. Bọ̀ọ̀dá tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ náà á ti bá ẹ ṣírò iye tí ìjọba máa dá padà fún ẹ. Èmi kúkú gba ọ̀dọ̀ VITA lọ.

Ètò IRS, àjọ owó-orí ìjọba Amẹ́ríkà, ni: àwọn afínnúfíndọ̀ṣiṣẹ́ ló ń bá àwa tí owó wa kò pọ̀ kọ fọ́ọ̀mù owó-orí. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Màmá òyìnbó tó dá mi lóhùn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í ṣe akáúńtáǹtì, kì í ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n irú wọn ò lè fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni bí wọn ò bá yege ìdánwò IRS, bó sì ṣe parí tèmi, ẹlòmíì tún yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fọwọ́ sí i.

Uber ni mò ń wà, nítorí náà ìwé tí mo ń kọ iye máìlì tí mo wà sí ló kọ́kọ́ bèèrè. Fún ọdún 2025, sẹ́ǹtì 70 ni wọ́n yọ̀ǹda kéèyàn yọ kúrò nínú owó tó wọlé, lórí máìlì kọ̀ọ̀kan tó bá fi ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó ṣírò owó-orí. Máìlì ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì kò sí níbẹ̀ o.

Mo bi í bóyá mo lè kọ orúkọ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ sínú fọ́ọ̀mù bí ẹni tí mò ń bọ́, nítorí gbogbo òde àríyá ló ní mo lè ṣe é. Ó ní rárá: bí kì í bá ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, ó gbọ́dọ̀ máa gbé níbí, tàbí ní Kánádà, tàbí Mẹ́síkò. Mẹ́síkò! Ìyá mi tí kò dé Kútọnu rí.

Àbúrò mi tí a jọ lọ ní ilé tí àyálégbé wà nínú rẹ̀ n'Íbàdàn. Wọ́n ní owó ilé kò sí lára ohun tí IRS gbà wọ́n láàyè láti ṣe, kó lọ bá akáúńtáǹtì. Inú bí i. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti dára ju bọ̀ọ̀dá onímọ́ínmọ́ín lọ.

Ẹ mú káàdì Social Security dání, èyí tí nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fún yín wà lórí rẹ̀. Bí tọkọtaya bá ń ṣe ìwé owó-orí wọn pọ̀, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ sì tètè gba àyè, torí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni gbèdéke fífi ìwé owó-orí ránṣẹ́.