Ibi tí mo ti tún gìtá onípẹ́dà mi ṣe l'Ákúrẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìró gìtá onípẹ́dà, gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà ẹ̀, tí Demola Adepoju fà jáde nínú ẹgbẹ́ Sunny Ade, ọmọ Oǹdó wa, ẹ gbọ́ o. Bàbá kan wà ní Arákàlẹ̀ tí wọ́n mọ gìtá onípẹ́dà dénú egungun.

Ẹni tó ta tèmi búra pé iléeṣẹ́ Emmons ló ṣe é. Bàbá dojú ẹ̀ dé lórí tábìlì, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sáwọn irin abẹ́ ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Iléeṣẹ́ Sho-Bud ló ṣe èyí, ọmọ mi." Wọ́n tún yí i padà, wọ́n fìka tọ́ka sáwọn àmì káàdì tẹ́tẹ́ tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sábẹ́ okùn, àmì tí wọ́n fi ń dá Sho-Bud mọ̀.

Pẹ́dà kan yẹ kó fa ohùn okùn B gòkè di ohùn C#, èkejì kó sọ okùn G# di A. Tèmi ń gòkè, àmọ́ kì í padà sílẹ̀ dáadáa. Ọ́ìlì àtijọ́ ti gan mọ́ ọn lára. Bàbá tú u palẹ̀, wọ́n fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ irin kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá kán ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ sójú oríkèé. Mo ní kí wọ́n fi sáńpépà ha pákó ẹ̀ kó lè dán, wọ́n kọ̀ jálẹ̀: fáníìṣì ìbẹ̀rẹ̀ ló gbówó lórí. Òótọ́ ni.

Owó wọn ò gani lára. Ọ̀la-ọ̀la wọn ló pọ̀, wọn kì í sì í gbé fóònù. Ẹ má dá ọjọ́ òde lé wọn lórí, ẹ sì ra okùn yín láti Èkó wá.