Ẹ ṣọ́ra fún wáyà tó jẹ́ kọ́pà lójú, alumíníọ̀mù nínú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Tanke, Gánmọ̀ àti gbogbo agbègbè Ìlọrin, ẹ má fi ìkánjú ra wáyà iná o. Mi ò ní dárúkọ ìsọ̀ kankan, ọgbọ́n tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta wáyà ń dá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, nítorí kò dá mi lójú pé òun nìkan ló ń dá a.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ra ròólù wáyà 2.5 (ìtóbi ojú wáyà inú rọ́bà tí wọ́n bá gé e nìyẹn, ní mílímítà onígun mẹ́rin) lọ́wọ́ rẹ̀ fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí oníná ṣe gbé e báyìí, ó ní, "Àǹtí, èyí fúyẹ́ jù." Ó bó rọ́bà orí rẹ̀, ó fi abẹ ha wáyà inú rẹ̀ díẹ̀. Àwọ̀ pupa ṣí kúrò, funfun yọjú. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi kọ́pà bò lára fẹ́ẹ́rẹ́, owó kọ́pà gidi ni wọ́n sì gbà lé e.

A gbé e padà lọ. Ọ̀gbẹ́ni ò tiẹ̀ bínú, ẹ̀rín ló ń rín. Ó mú òòfà lábẹ́ káńtà, ó fi kan wáyà: "Ṣé ẹ rí i pé kò fà á? Kọ́pà pọ́ńbélé ni!" Irọ́ ńlá. Òòfà kì í fa alumíníọ̀mù náà, irin ló ń fà. Ibi tó ti ń mú èèyàn gan-an nìyẹn. Títí di òní, kò dá kọ́bọ̀ padà.

Ayédèrú yìí ò lè gbé iná tó kọ́pà gidi, bó tilẹ̀ nípọn bákan náà. Tẹ́ ẹ bá wá ki áyọ́ọ̀nù àti fíríìjì bọ̀ ọ́, á gbóná, ojú ìdè rẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì á máa dẹ̀, rọ́bà á yọ́. Inú ògiri nìyẹn ń ṣẹlẹ̀, ta ló máa rí i?

Lára ilé, 1.5 ni fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún éésì, 6 fún sítóòfù oníná. Ẹ má gba nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rọ́bà gbọ́ lásán, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́. Wáyà 2.5 tí ẹyọ kọ́pà kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, kọ́pà náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní nǹkan bíi 1.78 mílímítà, tí ìwọ̀n oníná yín bá sọ 1.38, 1.5 ni wọ́n tà fún yín. Ẹ tún gé díẹ̀ níta, ẹ ṣáná sí rọ́bà rẹ̀: èyí tó dára á kú bẹ́ ẹ bá ti gbé iná kúrò.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ fi abẹ ha á lójú rẹ̀, kó sì kọ "kọ́pà" sórí rìsíìtì. Tó bá ń ṣàwáwí, ẹ máa lọ sí ìsọ̀ mìíràn.